Ipò Kelòó Lo Mú?

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo parí eré náà, orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí nílé ìtura, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá fi lè kan bẹ́ẹ̀dì, mi ò ní dìde lọ wẹ̀ mọ́. Mo ti lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8 nínú òkun, mo ti gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180, mo ti sáré, mo ti rìn, mo ti wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ fún kìlómítà 42, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní Gqeberha lórílẹ̀-èdè South Africa, ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Port Elizabeth. Triathlon ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀, èyí tó gùn tó báyìí ni wọ́n ń pè ní Ironman. Wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 21 ló gbà mí. Mo pe bàbá mi lórí WhatsApp. Wọn ò tíì sùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wà láàyè, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé: "Ipò kelòó lo mú?"

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni. Mo mọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Mi ò bá bàbá mi jà o. Olùkọ́ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, báírò pupa ni wọ́n fi ń kọ ipò sínú káàdì èsì ọmọ ọlọ́mọ. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà, nítorí kì í ṣe ẹnu wọn nìkan ló ti jáde. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n fún mi lówó. Èkejì ní, "Ẹni tó gba ipò kìíní ńkọ́, èló ni wọ́n fún un?" Ẹ̀kẹta, ẹni tí mo kà sí ọ̀rẹ́, ní, "Ká sòótọ́, ṣe lo lọ sanwó kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́." Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sẹ́yọ ẹnì kan tó béèrè báwo ló ṣe rí.

Gbogbo ẹni tó kàwé nílẹ̀ wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. O mú káàdì délé, ipò kẹrin lo mú nínú ọmọ 43, inú ẹ ń dùn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Ẹni tó mú ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?" Kò sí ìdáhùn tó bójú mu sí ìbéèrè yẹn. Tó o bá ní rárá, o ti jẹ̀bi. Tó o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbátí ni.

Ní JSS2, Red House ni mo wà. Eré sísá wù mí bí oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣa àwọn tó máa sáré mítà 800 fún ilé wa, èèyàn méjì ni wọ́n fẹ́, èmi ni mo ṣe ẹ̀kẹta. Olùkọ́ ní kí n lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kí n máa pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ inter-house náà, ọmọ díẹ̀ ló sáré, àwa ọgọ́rọ̀ọ̀rún la jókòó, tá à ń mu omi inú ọ̀rá, tá à ń pariwo orúkọ ilé wa. Ẹ pè é ní ọjọ́ eré ìdárayá tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ọjọ́ ìjókòó ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa.

Mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà yẹn fún ọdún 19.

Ọjọ́ tí mo dìde ni ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá mi, tó wo ẹ̀rọ náà, tó tún un wọ̀n, tó wá wojú mi. 158 lórí 102. Ọmọ ọdún 31 ni mí nígbà yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń sùn báyìí?" Mi ò kì í sùn. Iṣẹ́ àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìdí la fi ń ṣe é: wákàtí 12 lórí àga, Indomie láago mọ́kànlá alẹ́, sáfà á dákú láago méjì òru, wọ́n á ní kó o dìde wá jí i. Nínú àwa tá a jọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́sí, mo mọ ẹni méjì tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sí èyí tó tíì pé 40 nínú wọn. (Èmi náà lo oògùn, mo ṣì ń lọ fojú han dókítà. Mi ò sọ pé eré sísá ló wò mí sàn, kí ẹ má lọ da oògùn yín nù.) Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè "ipò kelòó" máa ń lé èèyàn kúrò lórí pápá kó tó mọ̀ pé òun náà ni í. Ọmọdé tó fẹ́ràn eré sísá, a ní kó jókòó nítorí pé ẹlòmíràn yá jù ú lọ. Ká tó mọ̀, ó ti di àgbà tí àtẹ̀gùn ilé alájà méjì ń mú mí hẹlẹ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò lè sáré dé géètì ẹ̀sítéètì wa kí n má dúró. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò mọ omi rárá. Ní ọmọ ọdún 32 ni mo kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò gùn ju mítà 25 lọ, àwọn ọmọ ọdún méje ń rẹ́rìn-ín mi, wọ́n sì tún ń kọ́ mi. Wọ́n ní eré òyìnbó ni. Èwo ni ti òyìnbó níbẹ̀? Ọmọ Ìlàjẹ tó ń fi omi ṣeré ní Ayétòrò kò lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ òyìnbó kankan, ọ̀rọ̀ náà "òmùwẹ̀" ò sì dé nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Tarkwa Bay ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi iyọ̀, torí ó fara pamọ́ díẹ̀ fún ìgbì òkun. Láàárọ̀ Sátidé, kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ mi àti èmi á gba ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kí àwọn tírélà tó jí. Kìlómítà 180 yẹn dà bíi kó o gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, kó o má dúró, kó o tún kọjá Ìkirè, kó o má sì ra dòdò. Tó o bá wá sọ̀ kalẹ̀, o máa sáré lọ-bọ̀ lórí Third Mainland Bridge lẹ́ẹ̀mejì, kó dín bíi kìlómítà márùn-ún.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni wọ́n gbọ́ ọ tí wọ́n ní, "Ẹni tó lé eku méjì pòfo, ìwọ wá ń lé mẹ́ta." Mo rẹ́rìn-ín, torí òwe náà bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jẹ ẹran eku ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Èmi ò fi eku ṣe ọbẹ̀. Owó oṣù mi ń wá láti ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí eku máa sá, eré náà ni mo bá wá.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí eré yìí gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1978, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀ Ironman àkọ́kọ́. Iyàn ló bí i: nínú òmùwẹ̀, sárésáré àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ta ni ara rẹ̀ le jù? John Collins, tó jẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti Judy ìyàwó rẹ̀ ló wá dá eré kan sílẹ̀ láti fi parí iyàn náà. Èèyàn 12 ló dé òpin. Gordon Haller ló ṣáájú, ó lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46 ó lé díẹ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn lo wákàtí 21. Collins tó dá eré sílẹ̀ ńkọ́? Ipò kẹsàn-án. Wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú-àáyá 38.

Lónìí, wákàtí 17 ni gbèdéke nínú ọ̀pọ̀ eré Ironman. Ìyẹn ni pé tí Collins bá tún lo àsìkò kan náà, wọn ò ní ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó parí, nítorí ìṣẹ́jú-àáyá 38. Ẹ lọ bi í léèrè orí méjì.

Ní 1982 ńkọ́? Julie Moss ló ń ṣíwájú àwọn obìnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́ nígbà tí òpin ti wà lójú rẹ̀ kedere. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Kathleen McCartney kọjá lára rẹ̀, ó gba ipò kìíní. Moss rákòrò dé ìlà òpin, ó ṣe ipò kejì. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí i, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wọnú eré yìí nítorí obìnrin tó rákòrò, kì í ṣe nítorí ẹni tó gba ipò kìíní.

Àríyànjiyàn kan wà tó lágbára ju ti eku lọ, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ló gbé e wá. Ó ní, "Ìṣòro Nàìjíríà gan-an nìyẹn. Ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni ìkẹyìn. Tá ò bá ń du ipò kìíní, gbẹ̀rẹ́fu la máa dà." Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá kọ́ ló dárúkọ. Òṣùwọ̀n ló ń wá, ipò ló pè é. Lọ́dún kan ní sẹ́kọ́ńdìrì wa, ẹni tó mú ipò kìíní nínú Físíìsì gba 48 nínú 100. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn lójú gbogbo ayé. Òun pẹ̀lú àwa yòókù la fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ipò bo àṣírí gbogbo wa, àti ti olùkọ́. Gbẹ̀rẹ́fu tó ń sọ yẹn, abẹ́ ipò kìíní ló máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, tí ètò kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa ní, "Kò burú, òun ló dára jù nínú àwọn tó kọ̀."

Triathlon ò ní àánú ẹnikẹ́ni. Tó o bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nínú omi, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé. Tó o bá pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí "ṣé ẹ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ ni?" Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ló wà fún gbogbo wa, gbogbo wa sì lè kún ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ara wa. Lọ́dún 2012, Sístà Madonna Buder, ọmọ ọdún 82, parí Ironman ní Canada kí àsìkò tó tán. Ẹ wá bi òun náà ní ipò tó mú.

Ní Gqeberha, omi tutù débi pé aṣọ rọ́bà tí mo wọ̀ ò dá gbígbọ̀n mi dúró. Atẹ́gùn ìlú yẹn kì í ṣe àwàdà, ó fẹ́ẹ̀ ti èmi àti kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣùgbọ́n òru ni mi ò lè gbàgbé. Ní nǹkan bíi kìlómítà 29 nínú eré ẹsẹ̀, mo bá ìyá kan tó ti lé ní 60 ọdún, tó ń rìn kánmọ́kánmọ́. A jọ rìn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni gbèdéke kẹ̀kẹ́ ti dá òun padà. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ ọ́, ó ní ọmọ òun náà ń ṣe é, kì í jáde nílé. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa lọ, pé ẹsẹ̀ mi ṣì lágbára ju tòun lọ. Mo parí, wọ́n fún mi ní omi àti aṣọ ìbora, mi ò lè lọ sílé ìtura. Mo dúró dè é. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí wákàtí 17 pé ló yọ, tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín. Èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń ké orúkọ tó wà lára nọ́ńbà rẹ̀. Mo ti wà níbi ìgbéyàwó tí ariwo ò tó bẹ́ẹ̀. Ní Kona ní Hawaii, ó ti di àṣà pé àwọn tó gba ipò kìíní láti ọ̀sán á tún padà wá lóru láti kí àwọn ìkẹyìn káàbọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín nípa owó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà kó o tó forúkọ sílẹ̀, físà wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀. Eré ẹni tó ń gbowó oṣù tó jọjú ni, ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ń tan yín jẹ. Àwọn kan nínú wa sì wà tí kẹ̀kẹ́ wọn wọ́n ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, tí kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n béèrè ju "Wákàtí mélòó lo lò?" lọ, tí wọ́n á sì gbójú kúrò lára ẹ tí wọ́n bá gbọ́ 16. Ìbéèrè bàbá mi náà ni, ó kàn lọ wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra ni.

Nítorí náà mi ò ní kí ẹ lọ ra kẹ̀kẹ́. Ilé-ìwé ni mo ń bá wí. Inter-house tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ sáré, kódà kó gbà yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ àsìkò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò sínú káàdì rẹ̀, ẹ tún un sá ní táàmù tó ń bọ̀, kí ọmọ fi ti àná wé ti òní. Ẹ fún ẹni tó ṣáájú ní ife ẹ̀yẹ rẹ̀, ó tọ́ sí i. Àtíbàbà yẹn ni kí ẹ tú.

Bàbá mi ti ń rìn báyìí láàárọ̀, fóònù wọn ló ń bá wọn ka ìṣísẹ̀. Wọ́n máa ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: 3,900 lọ́jọ́ Ajé, 4,112 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Inú mi ń dùn, mo ń rò pé mo ti ṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè, wọ́n ní bàbá tó wà lójúlé kejì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ṣé mo mọ̀ bóyá ọ̀nà wà téèyàn fi lè rí iye tiwọn lórí fóònù.

Mo ní mi ò mọ̀.