Ibùsọ̀, Ìjìnnà àti Àkókò Ìrìn

Láyé àtijọ́, ìrìn ẹsẹ̀ ni Yorùbá fi ń wọn ọ̀nà. “Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta” ti tó fún alárùú láti mọ bí ọjà ti jìnnà tó. Ibùsọ̀ sì ni ibi tí ó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi. Ọ̀nà àti àkókò ń bá ara wọn rìn nígbà náà, nítorí pé ìyára ẹsẹ̀ ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọkọ̀ òfuurufú ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí náà yà wọ́n.

Kí a fi London àti New York ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow dé ti Kennedy tó nǹkan bí kìlómítà 5,540. Èyí kan náà ni máìlì 3,440, tàbí máìlì ojú òkun 2,990 tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò. Àwọn olùtumọ̀ kan ń pe máìlì ní ibùsọ̀, àwọn mìíràn sì ń pe kìlómítà bẹ́ẹ̀. Bí ìwé kan bá wí pé ibùsọ̀ 3,440 ni, tí òmíràn wí pé 5,540 ni, èwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà gbọ́?

Ti àkókò tún le ju èyí lọ. Ìrìn láti London lọ sí New York ń gba nǹkan bí wákàtí 8, àbọ̀ rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí 7, nítorí ẹ̀fúùfù líle tí ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lókè lọ́hùn-ún. Ìjìnnà kò yí padà. Àkókò ni ó yí padà. Bákan náà, agogo New York ń fi wákàtí 5 rẹ̀yìn sí ti London ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹni tí ó gbéra ní agogo 11 òwúrọ̀ lè gúnlẹ̀ ní agogo 2 ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò là á yé yóò fi 3 pín 5,540, yóò sì rí ìyára tí ó lé ní kìlómítà 1,800 ní wákàtí kan, èyí tí ọkọ̀ òfuurufú akérò kankan kò ní mọ́ láti ìgbà tí Concorde ti fẹ̀yìn tì ní 2003.

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ohun tí yóò fi tún èyí ṣe. Agogo ń tọ́ka sí ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, wákàtí ń sọ bí ó ti pẹ́ tó. Nítorí náà, kí “ìjìnnà” máa dúró fún ìwọ̀n ọ̀nà, “àkókò ìrìn” fún iye wákàtí, “ìyàtọ̀ agogo” fún èyí tí ó wà láàrin ìlú méjì. Kí a gba kìlómítà àti máìlì bí wọ́n ti rí, kí ibùsọ̀ sì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ àyálò ń bu èdè kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ń wọn ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n èké lọ́jà: ẹni tí ó fi ra nǹkan ni yóò pàdánù, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni oníbàárà náà.