Ìgò Tó Lówó Lórí Kì Í Sùn Nínú Gọ́tà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò ṣì wà káàkiri, tó jẹ́ pé bí ènìyàn kò bá mú òfìfo ìgò lọ́wọ́ lọ, àfi kó fi owó ìgò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á, ta ló rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú gọ́tà Sábó ní Ìkòròdú, tàbí létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́? Kò sí. Bí ọmọdé bá fọ́ ọ̀kan, ẹkún ni. Bí ẹni tó mu ún bá gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ àga, ẹlòmíràn á gbé e kíá, á lọ fi gba owó. Títí dòní, ìgò bíà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ wa mọ́ nígbà náà ju bó ti mọ́ nísinsìnyí lọ. Owó ló wà lórí ìgò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ẹni tí kò bá sì dùn mọ́ nínú, kó fara balẹ̀ kà á tán kó tó bú mi.

Ó ti sú mi ni. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, tí gọ́tà kún, tí omi wọ yàrá onílé àti ayálégbé, ohun kan náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n orí rédíò máa ń sọ: ará ìlú ló dọ̀tí, ará ìlú ò gbọ́n, ẹ nà wọ́n, ẹ bu owó ìtanràn lé wọn. Wọ́n mà ti ń nà wá tipẹ́! Láyé òyìnbó, wolé-wolé ń wọlé wá yẹ inú àmù wa wò. Ní 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tó ń kó ilẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó di LAWMA tí a mọ̀ lónìí. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn gbé WAI dé, wọ́n ní ogun ni àwọn ń bá ìwà ìbàjẹ́ jà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sí ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá títì títí di aago mẹ́wàá. Oṣù kọkànlá 2016 ni Ìpínlẹ̀ Èkó tó fòpin sí i, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti sé ènìyàn mọ́lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́njú bá a, ẹ sọ òótọ́: kí là ń ṣe láàárọ̀ Sátidé yẹn? A ó wa ẹrẹ̀ inú gọ́tà, a ó kó o jọ sí etí gọ́tà kan náà, a ó lọ jẹ ẹ̀wà. Òjò ọjọ́ Ajé á gbá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi ṣe irú eré yìí, tí à ń pè é ní ìmọ́tótó.

Èmi ò gbà pé Yorùbá ò mọ bí a ti ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ rántí ilé ìdáná ìyá yín. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ ló ni ín. Èérí ògì, adìyẹ ń dúró dè é. Eérú ààrò, ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú á wá béèrè. Ìgò òfìfo di ohun tí wọ́n ń rọ epo pupa àti kẹrosíìnì sí, ẹ̀pà yíyan náà ń wọ inú rẹ̀. Ìwé ìròyìn àná ni oní-àkàrà fi ń di àkàrà tòní. Agolo tòmátì ńlá wá di dẹ́ríkà tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà títí di òní olónìí. Ewé la fi ń di èkọ, ewé la fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ló ń lọ sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, níbẹ̀ náà ẹ ó sì rí ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ tó hù láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Àwọn àgbà Ìkòròdú fúnra wọn sọ pé Oko Ọ̀dú ni orúkọ ìlú náà ti wá, ẹni tó bá sì mọ ọ̀dú mọ̀ pé ó fẹ́ràn ilẹ̀ tí pàǹtí ti jẹrà sí dáadáa.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ mọ́ tónítóní o. Eṣinṣin wà, ejò wà, àwọn kan sì ń lọ yàgbẹ́ síbẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ààtàn náà, ilẹ̀ lè jẹ ẹ́.

Lónìí ńkọ́? Ẹ tú ọ̀rá dúdú kan ṣoṣo tó jáde láti ojúlé kan ní Agric tàbí Òwútù wò. Ọbẹ̀ tó kan, egungun ẹja, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pámpásì ọmọ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgò oníke méjì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kan, a so ó lẹ́nu pọ̀. Nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, díẹ̀ ló jẹ́ ìdọ̀tí kí wọ́n tó pàdé ara wọn. Ìgò oníke ní ẹni tó ń rà á. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ewúrẹ́ tó ń wá a kiri. Ìgbà tí ọbẹ̀ dà sórí ìgò, tí pámpásì fara kan èèpo, ni gbogbo rẹ̀ di ohun tí ọwọ́ ò ṣeé kàn. Inú ilé wa ni ìdọ̀tí ti ń di ìdọ̀tí, kí kólẹ̀kólẹ̀ tó fi fèrè pe ẹnikẹ́ni.

Ibo ló wá ń lọ? LAWMA máa ń sọ pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13,000 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ń dà nù lójúmọ́. Ẹni tó ń gbé àárín Èkó lè rò pé ńṣe ló ń parẹ́. Àwa ìhín mọ̀ pé kò parẹ́: Ewú Ẹlẹ́pẹ̀ ní Ìkòròdú ló ń bọ̀, Ẹ̀pẹ́ ló ń bọ̀. Ẹ wo Olúsósùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1992, ẹ̀gbẹ́ ìlú ló wà. Ìlú ló rìn wá bá a. Ní oṣù kẹta 2018, àkìtàn náà gbiná, èéfín bo àdúgbò. Kò yani lẹ́nu. Ohun tó lè jẹrà ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí à ń dà nù, bí wọ́n bá sì rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ ike níbi tí atẹ́gùn ò dé, gáàsì tó ń gbiná ló ń yọ, omi dúdú á sì máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí kànga wà.

Ní 2024 ìjọba ní àwọn fẹ́ ti Olúsósùn pa, àti Solous tó wà ní Ìgándò. Wọ́n tún ní ilé iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Netherlands yóò máa fi ilẹ̀ ṣe mànàmáná ní Ẹ̀pẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣé e jẹ́jẹ́. Iná wo ló ń jó èèpo iṣu tútù? Bí wọn ò bá kọ́kọ́ yọ ohun tútù kúrò, púpọ̀ nínú agbára ẹ̀rọ ni wọn yóò fi gbẹ omi ọbẹ̀ wa. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni, jàre. Ìlú tí Kòsọ́kọ́ fi ṣe ibi ìsádi nígbà tí àwọn Òyìnbó lé e kúrò l'Ékòó ní 1851 ni. Ìlú ẹja ni. Láti ọjà Olúwo ni ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ti ń jẹ ẹja. Bí omi àkìtàn bá dé ọ̀sà, ẹni tó fi mọ́tò kó ilẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ yóò rà á padà lọ́jà, yóò sì sanwó rẹ̀.

Àwọn tó ń da ilẹ̀ sínú ọ̀gbàrá nígbà tí òjò bá ń rọ̀, mi ò ní bá wọn ṣeré. Ìbàdàn ti fojú rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn, àwọn tó bá a lọ lé ní igba. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dà sínú odò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lára ohun tó dí i lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí, tó tún ń dúró de òjò kó tó da ilẹ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti ìjọba mọ́.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé, "Tí mo bá tiẹ̀ yà á sọ́tọ̀, ṣebí ọkọ̀ akólẹ̀ á tún dà á pọ̀?" Òótọ́ ni. Mo ti fojú ara mi rí i ládùúgbò wa: garawa méjì tí a tò sọ́tọ̀tọ̀, wọ́n yí méjèèjì sínú ọkọ̀ kan. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀? Ohun gbígbẹ tó mọ́ kò yẹ kó dé inú ọkọ̀ rárá. Olónírin kọ́ńdẹ̀mù ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ó ń lu irin. Ìyá onígò wà. Àwọn tó ń ra ike lórí ìwọ̀n wà. Láti 2012 ni Wecyclers ti ń gba ike lọ́wọ́ àwọn ilé l'Ékòó, tí wọ́n ń fún wọn ní èrè díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí là ń bú ní alákìtàn, tí à ń tìlẹ̀kùn mọ́, àwọn ló sì ń gba ìlú sílẹ̀. Agolo àlùmíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ di ìkòkò kò gbà ju ìdá kan nínú ogún agbára iná tí wọn ìbá fi ṣe tuntun láti inú òkúta lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun ló yẹ kéèyàn yọ́ o. Ní Ògijo tó bá Ìkòròdú pààlà, òjé inú bátìrì mọ́tò tí wọ́n ń yọ́ ti ba ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín fọ́ bátìrì nítorí owó táṣẹ́rẹ́.

Mo wá padà sórí owó. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba Èkó fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2025, wọ́n tún kan àwọn ife ike, ṣíbí ike àti ọ̀rá tín-ínrín. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni òfin yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ìyá olóúnjẹ tó jókòó sẹ́bàá títì ni. Ilé iṣẹ́ ńlá tó kó ìgò ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílẹ̀, tó fi ìgò oníke rọ́pò, tó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ yọ owó orí ìgò kúrò, ta ló pè é? Nígbà tí ìgò jẹ́ gíláàsì, òun ló ń wá a padà. Ní báyìí, ó ti ta ìgò, ó ti ta ohun inú rẹ̀, ó sì ti fi àkìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ará Ẹ̀pẹ́.

Jámánì ti ṣe é. Láti 2003, òfin wọn ní kí ẹni tó bá ra bíà tàbí omi inú agolo tàbí ike fi owó díẹ̀ lé e, sẹ́ńtì 25, yóò sì gbà á padà nígbà tó bá dá òfìfo rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan á ní ọjà á wọ́n. Kò ní wọ́n fún ẹni tó bá dá a padà. Ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù ló ń pàdánù, ọmọ ilé kejì á sì he é. Ṣé a ò mọ̀ ọ́n ṣe ni? Àwa la ti ń ṣe é kí Jámánì tó sọ ọ́ dòfin!

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé Ìkòròdú, Ìjẹ̀dẹ́, Ìmọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́, garawa méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá: ọ̀kan fún ohun tútù, ọ̀kan fún ohun gbígbẹ. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ayálégbé. Ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí èèpo ọjà ní ààyè tirẹ̀ kí àwọn olóko lè wá kó o. Kí LAWMA náà sì fi ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó yan ọjọ́ fún ọ̀kan, kó yan ọjọ́ fún èkejì.

Nígbà tí aṣòfin yín bá sì dé láti wá tọrọ ìbò, tó gbé ìrẹsì wá nínú ọ̀rá tó lójú rẹ̀ lára, ẹ gba ìrẹsì náà. Kí ẹ wá bi í pé èló ni yóò fi lé ìgò oníke kan lórí. Bó bá ní òun yóò lọ ronú sí i, ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò ronú tán, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀.