Iṣẹ́ Kíláàsì Tí Ó Dé Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin baba, púpọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ọmọ tí ó wà ní Yunifásítì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ka ìwé rẹ̀, kí ó yege, kí ó sì gba oyè wá sílé. Lóòótọ́, nítorí èyí ni a ṣe ń san owó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọ kan tí wọ́n mú ohun tí wọ́n kọ́ nínú kíláàsì jáde síta, títí gbogbo ayé fi gbọ́ ọ.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà láàárín Òkun Pàsífíìkì tí à ń pè ní Vanuatu. Erékùṣù bí 80 ni ó parapọ̀ dì í. Ní Port Vila, olú-ìlú rẹ̀, ni ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Yunifásítì Gúúsù Pàsífíìkì wà, Yunifásítì tí orílẹ̀-èdè 12 jùmọ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ìjì líle kan tí wọ́n pè ní Pam wó ilé wọn, ó sì ba oko wọn jẹ́. Òkun pẹ̀lú ń ga sí i, ó sì ń jẹ ilẹ̀ etí òkun lọ díẹ̀díẹ̀. Èéfín èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí aráyé ń sun ni ó fà á: ó bo ayé bí aṣọ, kò jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ èéfín tí ó ti àwọn erékùṣù náà jáde kò tó nǹkan rárá. Ẹlòmíràn ni ó jẹ gbèsè, àwọn ni wọ́n ń san án.

Ní ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ 27 tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ọ̀nà tí òfin lè gbà ran ilẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n fi àbọ̀ sí ni pé kí a bi Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé, tí ó wà ní ìlú Hague ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, léèrè pé: kí ni ojúṣe orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti dáàbò bo ojú ọjọ́, fún àwa tí a wà láyé àti fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí? Kí ni ó sì tọ́ sí ẹni tí ó bá kọ ojúṣe náà sílẹ̀?

Ọ̀ràn náà kò rọrùn. Orílẹ̀-èdè Palau ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní ọdún 2011, kò yọrí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá lọ kan ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ yìí. Àfi kí ìjọba kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí àjọ náà sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà àwọn ọmọ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ ìwé sí àwọn ìjọba erékùṣù wọn. Ìjọba Vanuatu gbọ́ tiwọn, nígbà tí ó sì di ọdún 2021, ó kéde pé òun yóò gbé e lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ mìíràn náà dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìjì méjì, Judy àti Kevin, jà ní Vanuatu láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba ìbéèrè náà wọlé láìsí ẹni tí ó tako ó. Orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 130 ni ó ti Vanuatu lẹ́yìn. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ jókòó ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Cynthia Houniuhi, ọmọ Solomon Islands, ọ̀kan nínú àwọn 27 náà àti ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, dìde, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn adájọ́. Ẹ̀yin ìyá, ọmọbìnrin ni o.

Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2025 ni èsì jáde, ohùn gbogbo àwọn adájọ́ 15 sì ṣọ̀kan. Wọ́n ní dídáàbò bo ojú ọjọ́ jẹ́ ojúṣe lábẹ́ òfin. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè tí ó bá kọ̀ ọ́ rú òfin, a sì lè ní kí ó jáwọ́, kí ó sì san ohun tí ó bàjẹ́ padà bí a bá fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ìmọ̀ràn lórí òfin ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́ tí a lè fi mú ẹnikẹ́ni lọ́ranyàn. Èéfín kò tíì dẹ́kun, òkun kò sì tíì padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń rì ti ní ohun tí yóò fọwọ́ mú lọ sí kóòtù.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ọmọ ni ó ronú, ìjọba ni ó ní ẹsẹ̀ láti rìn ín. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kò sí èyí tí ì bá dé Hague. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti Yunifásítì dé, tí ó ń ráhùn nípa gọ́tà tí ọ̀rá dí, tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń sùn, ẹ má ṣe sọ fún un pé ìwé ni ẹ rán an lọ kà. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: Ta ni ó ní àṣẹ lórí nǹkan náà? Ṣé ẹ ti kọ ìwé sí i? Ta ni yóò máa bá a lọ nígbà tí ìwọ bá gba oyè tán?