Ilẹ̀kùn Wo Ló Sún Mọ́ Yín Jù?



Ní àríwá Ontario, ní Kánádà, ọ̀pọ̀ adágún ló wà tí ọ̀nà mọ́tò kò dé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ pẹja tàbí ṣọdẹ níbẹ̀, bàálù kékeré tó ń bà sórí omi ló máa wọ̀. Lábẹ́ bàálù náà, níbi tí táyà ìbá wà, ohun méjì tó gùn bí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni wọ́n dè mọ́ ọn. Àwọn ló ń gbé e léfòó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ọ̀kan nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Beaver, ń bọ̀ láti adágún Edgar. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀ àti èrò méjì. Adágún Lillabelle, nítòsí ìlú Cochrane, ni wọ́n fẹ́ bà sí. Afẹ́fẹ́ le lọ́jọ́ náà, ó sì ń fẹ́ ní ìjì-ìjì. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, bàálù já lu omi, ó sì dojúdé. Èrò kan rí ọ̀nà jáde, wọ́n sì gbà á là. Awakọ̀ àti èrò kejì kò lè jáde. Omi ló pa wọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìjábọ́ náà kò pa wọ́n; àìríbi-jáde ni.

Bí bàálù bá dojúdé, orí á di ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ á di òkè. Omi tútù á ya wọlé, ojú kò ní ríran dáadáa mọ́. Ẹni tó bá sáré tú bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ á léfòó kúrò ní àyè rẹ̀, kò sì ní mọ apá ibi tí ilẹ̀kùn wà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn sínú láífù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú bàálù, jákẹ́ẹ̀tì náà á gbé e lọ sókè, kò ní jẹ́ kó lè wẹ̀ wálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Beaver mìíràn já sínú omi ní erékùṣù Saturna, ní British Columbia, bó ṣe ń gbéra. Nínú ènìyàn mẹ́jọ, mẹ́fà ló bá omi lọ, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ Transportation Safety Board ti Kánádà ní kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tó rọrùn láti ṣí, kí èrò sì máa wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì sọ́rùn. Ọdún 2019 ni ìjọba tó sọ wíwọ̀ rẹ̀ di òfin fún bàálù akérò irú èyí. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, bí ìrìn-àjò bá gbé yín dé ìdí irú bàálù bẹ́ẹ̀, ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ó tó gbéra. Ẹ fi ọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn tó sún mọ́ yín, ẹ ṣí i, ẹ tún tì í, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n láìsí ojú. Bí ó bá dojúdé, ẹ di nǹkan kan mú ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú bẹ́líìtì. Ó di ìta kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí jákẹ́ẹ̀tì.

Oníṣẹ̀ṣe kì í rìnrìn-àjò láìbèèrè. Ẹni tó ti bi Ifá léèrè nílé, kó tún bi awakọ̀ léèrè létí omi: ilẹ̀kùn wo ni tèmi, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i? Ìbéèrè méjèèjì, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Orí á gbè wá o. Àṣẹ.