Lílù Ọkàn Lójú Àyà: Ìwúlò Orúkọ Tó Péye

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé àyà òsì yóò mọ̀ pé ọkàn ń lù kì-kì-kì, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè ka gbogbo ohun tó wà nínú lílù náà. Ìdí nìyí tí Étienne-Jules Marey, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ṣe ẹ̀rọ kan láàárín 1860 sí 1870. Láìfi abẹ kan ara, wọn a gbé ife kékeré lé ibi tí ọkàn ti ń ti awọ àyà. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà a ti ọ̀pá ìkọ̀wé, ìlà a sì yọ lórí bébà.

Ẹ̀rọ tí Willem Einthoven, ará Netherlands, tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924 yàtọ̀: iná inú ọkàn ni ó ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe mímì. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Iná lè máa hàn lójú ẹ̀rọ nígbà tí ọkàn kò ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ Marey ti di ti àná. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, èyí tí Edler àti Hertz bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní 1953, ti gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ tó bá pe gbogbo wọn ní "àyẹ̀wò ọkàn" lásán ń da akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú. Kí ó pe ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ mímì àyà, èkejì ní àkọsílẹ̀ iná ọkàn, ẹ̀kẹta ní àwòrán ìró ọkàn. Orúkọ tó péye ni ìpìlẹ̀ òye tó péye.