Ẹ̀sùn Tí Ẹ Fi Ń Kan Laurent Blanc Kọ́ Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀

Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ Laurent Blanc níbi tí a ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ariwo kan náà ni ẹ máa ń pa: 'Owó Qatar ló bá a gba ife!' Ó ti sú wa.

Ta ló fún un lówó Qatar ní Bordeaux? Ọdún méje gbáko ni Lyon fi gba líìgì Faransé léraléra kí Blanc tó já a gbà ní 2009. Ní Paris Saint-Germain, sáà mẹ́ta ló lò, líìgì mẹ́ta ló gbà. Ní 2015 àti 2016, kò ṣẹ́ ife kankan kù fún ẹlòmíràn nílẹ̀ Faransé. Ẹ ní kò kọjá kọ́tà-fáínà ní Yúróòpù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó yẹn náà ni Unai Emery bá níbẹ̀, Monaco sì gba líìgì mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 2017, Barcelona nà án ní góòlù mẹ́fà sí ọ̀kan. Ṣé owó ti tán ni?

Bí ẹ bá fẹ́ bá Blanc jà, ẹ wá síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kọkànlá 2010, nígbà tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Faransé, òun àti àwọn ọ̀gá àjọ bọ́ọ̀lù wọn jókòó, wọ́n ń jíròrò bí wọn yóò ṣe dín àwọn ọmọ tó ní orílẹ̀-èdè méjì kù nílé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá! Ẹnì kan gba ohùn wọn sílẹ̀, Mediapart sì gbé e jáde ní 2011. Blanc fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀ pé àwọn tó ga, tó lágbára ni wọ́n ń yàn, pé aláwọ̀ dúdú sì ni wọ́n. Ó tọrọ àforíjì. Mínísítà eré ìdárayá ní òun kò rí ẹ̀sùn fi kàn án. A gbọ́.

Ẹ wá rántí 1998. Òun ló gbá góòlù wúrà tó lé Paraguay lọ sílé, a ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé Croatia ní semi-fáínà, ó fọwọ́ kan Bilić lójú (Bilić ṣubú bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ká má parọ́), wọ́n fi káàdì pupa lé e jáde. Thuram ọmọ Guadeloupe ló gbá góòlù méjèèjì tó gbà wọ́n là lọ́jọ́ náà. Ní fáínà tí Blanc jókòó wò, Zidane, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Algeria, gbá méjì wọlé. Vieira tí wọ́n bí ní Dakar ló gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀kẹta fún Petit. Àwọn wọ̀nyí ló gba ife tí àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Blanc dòní. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ó jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣírò iye irú wọn tó yẹ kó wọlé.