Ohun tó jẹ́ ọlá fún "run" kò gbọdọ̀ di àbùkù fún "jẹ"

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kò sí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: "run". Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, á kọ "sáré" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n dà á kọ, ó parí. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń tún ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yìí, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀kan nínú wọn, Peter Gilliver, fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú àtẹ̀jáde kejì, tó jáde ní 1989, "set" ló gba àyè jù lọ; nígbà tó yá, "run" ló wá bọ́ sí ipò yẹn. Àwọn èèyàn kan sáárá, wọ́n ní èdè tó lọ́rọ̀ nìyẹn. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tí n kò gbà ni pé, bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa la máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n èdè wa.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí "run" ń ṣe. Bí ọmọdé bá ń sáré, òun ni. Òun náà ni Òyìnbó ń lò fún odò tó ń ṣàn, imú tó ń ṣomi, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Èkó, ọ̀gá tó ń darí iléeṣẹ́, àti olóṣèlú tó gbé àpótí ìbò. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan lórí; Yorùbá pín in káàkiri. Ẹni tó bá wá ń sọ pé olóṣèlú "ń sáré fún ipò gómìnà" kò tú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sọ Yorùbá.

Wàyí o, ẹ gba ẹ̀yìn wò ó. A jẹ iyán. Àrólé jẹ ogún, ọmọ ọba jẹ oyè, oníṣòwò jẹ èrè, aláìní jẹ gbèsè, ọ̀daràn jẹ̀bi, aláìṣẹ̀ jàre. Níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa wá ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kiri. Síbẹ̀ okùn kan so wọ́n pọ̀: ohun kan wọlé sí èèyàn lára, ó sì di tirẹ̀. Iyán di ẹran ara rẹ̀, ogún di ìní rẹ̀, gbèsè di ẹrù ọrùn rẹ̀. Ẹ tún wo ìyà. A lè sọ pé ẹnì kan jẹ ìyà, a sì lè sọ pé ìyà jẹ ẹ́. Ní àkọ́kọ́, òun ló ń jẹ. Ní èkejì, òun ni wọ́n ń jẹ. Èdè tó lè ṣe èyí kò tòṣì.

Ẹnì kan lè ní jogún àti jìyà kì í ṣe "jẹ" mọ́, pé ọ̀rọ̀ tó dá dúró ni wọ́n. Ẹ gbé ọ̀rọ̀-orúkọ inú wọn síwájú, ẹ ó rí i: "ogún tí ó jẹ", "ìyà tí ó jẹ". "Jẹ" ò lọ síbì kankan. Ẹlòmíràn á ní ìtumọ̀ púpọ̀ ń da òye rú. Ta ló gbọ́ "ó jẹ gbèsè" tó rò pé ẹnì kan bu gbèsè sẹ́nu? Ọ̀rọ̀ tó bá a rìn ló ń tọ́ etí wa sọ́nà. Olùkọ́ náà lè ní kò sí ọmọ tó lè há ìtumọ̀ 645 sórí. Òótọ́ ni. Ọmọ Òyìnbó pàápàá kò há a sórí. Inú gbólóhùn ló ti ń bá wọn pàdé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti 1843 tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde la ti ń to ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì kọjú síra. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò yẹ kó dúró sórí ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan. Kí olùkọ́ kọ "odò ń ṣàn, ọkọ̀ ń ná Èkó, ó gbé àpótí" sábẹ́ "run". Kó kọ "ó jẹ ogún, ó jẹ gbèsè, ìyà jẹ ẹ́" sábẹ́ "jẹ". Ọmọ tó bá rí méjèèjì lójú pátákó kan náà kò tún ní gbà fún ẹni tó bá sọ fún un pé èdè ìyá rẹ̀ kò tó nǹkan.